Ọkọ àbúrò mi kò lù ú rí, àmọ́ ẹ̀rù rẹ̀ ń bà á. Kí ni kí n pe èyí?

Ẹyẹlé_Ilé (ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ wá)

Ẹ kú alẹ́, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ àbúrò mi obìnrin ni mo gbé wá, ẹ dákun, ẹ má bú u. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tó ti wà nílé ọkọ. Mi ò rí àpá kankan lára rẹ̀ rí, òun náà sì máa ń sọ pé ọkọ òun kò gbá òun létí rí. Àmọ́ tí fóònù rẹ̀ bá dún nígbà tó bá wà lọ́dọ̀ mi, ńṣe ni ojú rẹ̀ máa ń yí padà. Tí kò bá tètè gbé e, ó di dandan kó ya fọ́tò ibi tó jókòó sí, kó fi ránṣẹ́. Owó oṣù rẹ̀ ń wọ àkáǹtì ọkọ. Tó bá fẹ́ ra páádì nǹkan oṣù rẹ̀, á tọrọ owó, á sì mú rìsíìtì padà wálé. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti já lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkọ rẹ̀ ní ti àkọ́kọ́ kò níwà, ó ní èkejì ń kọ́ ọ ní ìkọ́kúkọ̀ọ́, ó ní ẹ̀kẹta ń jowú ilé àwọn. Ó wá kan èmi báyìí. Ó ní kó dín bó ṣe ń wá sọ́dọ̀ mi kù.

Mo bi í pé, "Ṣé ó ń fìyà jẹ ọ́ ni?" Ó ní, "Rárá, ẹ̀gbọ́n mi, ìfẹ́ mi ló pọ̀ lọ́kàn rẹ̀ jù." Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mò ń wò yìí?

Òjò_Àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìdààmú. Ohun tí ẹ ń wò ní orúkọ, kì í sì í ṣe ìfẹ́. Ìjẹgàba ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ẹ̀ṣẹ́ ni ìfìyàjẹni fi ń bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ṣẹ́ lè má tilẹ̀ sí níbẹ̀ rárá. Evan Stark, ọ̀mọ̀wé ọmọ Amẹ́ríkà kan tó kọ̀wé lórí ọ̀ràn yìí ní 2007, fi í wé ìgbà tí wọ́n bá jí èèyàn gbé: òmìnira ẹni náà ni wọ́n ń gbà, díẹ̀díẹ̀. Ibi tó lọ, ẹni tó bá sọ̀rọ̀, owó tó ná, aṣọ tó wọ̀, wákàtí tó sùn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kéré débi pé tó bá rò ó fún ẹlòmíràn, á dà bíi pé ó ń ṣàròyé lórí ohun tí kò tó nǹkan. Ibẹ̀ gan-an ni agbára rẹ̀ wà.

Ilẹ̀ Ẹ̀ńgílándì àti Wales sọ irú ìwà yìí di ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin ní 2015. Kò di ìgbà tí ọlọ́pàá bá rí àpá. Ẹni tí wọ́n bá dá lẹ́bi lè ṣẹ̀wọ̀n títí dé ọdún 5. Scotland ṣe òfin tirẹ̀ ní 2018.

Àgbà_Ilé

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí yín. Ogójì ọdún ni èmi àti ìyàwó mi ti jọ wà. Ahọ́n àti eyín ń jà, wọ́n sì jọ ń gbé inú ẹnu kan náà. Ọkọ kan ń jowú, ẹ ti ń ka òfin ilẹ̀ òkèèrè sí i létí. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí ní sùúrù. Ẹ pe àwọn méjèèjì jókòó, kí kálukú sọ tẹnu rẹ̀ lójú èkejì.

Òjò_Àárọ̀

Ẹ ṣeun, Bàbá. Ìjà ahọ́n àti eyín wà lóòótọ́, mi ò jiyàn. Ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ Michael Johnson tilẹ̀ ya méjèèjì sọ́tọ̀ ní 1995: ìjà tí èdèkòyédè ń fà, tó lè le, tó lè di ọwọ́ pàápàá, àti ti ẹni tó ń fi ìbẹ̀rù ṣàkóso ẹnì kejì rẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Nínú ti àkọ́kọ́, ẹ̀yin méjèèjì lẹ lè bínú, ẹ̀yin méjèèjì lẹ lè sọ pé "mi ò fẹ́", ilẹ̀ á sì mọ́. Nínú ti èkejì, ẹnì kan ṣoṣo ló lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú. Ìbéèrè tí mo fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀ kò ju ọ̀kan lọ: ta ló ń bẹ̀rù ta? Ohun tí ẹ̀gbọ́n kọ sókè yìí ti dáhùn rẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀_Díẹ̀

Mo ti ń ka ibí yìí láti ọjọ́ pípẹ́, mi ò kọ nǹkan kan rí. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ lónìí.

Ọdún mọ́kànlá ni mo lò nínú irú ilé ọkọ bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, ọkọ mi kò fọwọ́ kàn mí. Ó kọ́kọ́ gba owó mi, ó gba àwọn ọ̀rẹ́ mi, ó ní kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí ẹ̀ṣẹ́ àkọ́kọ́ fi máa dé, oyún oṣù márùn-ún wà nínú mi, kò sì sí ẹni tí mo lè pè. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n wò dáadáa. Gbígbà yẹn gan-an ni iṣẹ́ tó ń ṣe. Ohun tó ti gbà ni ẹ̀ṣẹ́ wá ń ṣọ́.

Mo di ẹni tó mọ ìró kọ́kọ́rọ́. Bó bá ṣe wọ ihò ilẹ̀kùn ni mo fi ń mọ irú alẹ́ tí a máa ní. Tó bá yí i lẹ́ẹ̀kan, ara á tù mí. Tó bá ń gbo ó mọ́ inú ihò, mo ti ń kó ọmọ wọ yàrá. Fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ilé á máa há mọ́ wa. Ọ̀rọ̀ kò ní ṣeé sọ, àìsọ̀rọ̀ náà á tún di ẹ̀ṣẹ̀. Á wá bú jáde. Lẹ́yìn náà, omijé, ẹ̀bẹ̀, ẹ̀bùn, "o mọ̀ pé mi ò lè wà láàyè láìsí ẹ". Lenore Walker, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé àyípo yìí ní 1979 látinú ohun tí àwọn obìnrin fúnra wọn sọ fún un. Tèmi bá a mu ní ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ẹ̀bẹ̀ dàwátì, omijé dàwátì, ìjì nìkan ló kù. Nítorí náà, ẹ má sọ pé tí kò bá bẹ̀bẹ̀, a jẹ́ pé kì í ṣe èyí.

Wọ́n máa ń bi mí pé kí ló dé tí mi ò lọ. Mo lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo lọ. Lẹ́ẹ̀kíní, mi ò ní owó ọkọ̀ ọjọ́ kejì. Lẹ́ẹ̀kejì, ó ní òun máa gba ọmọ, mo sì mọ̀ pé kò parọ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, àwọn tí mo sá lọ bá ló mú mi padà fún un, tìfẹ́tìfẹ́. Lẹ́ẹ̀kẹrin ni mi ò padà mọ́. Kí n sọ òtítọ́ tó ń dùn mí jù: ìdí mìíràn tí mo fi ń padà ni pé àárò rẹ̀ ń sọ mí. Ọwọ́ tó ń lù mí náà ló ń nu ojú mi lẹ́yìn náà. Tó bá jẹ́ ojoojúmọ́ ló burú, mo rò pé mi ò bá ti tètè lọ.

Ọmọ_Odò

Màmá, mo kí yín. Ọkùnrin ni mí, ìyàwó mi ló ń ṣe é fún mi. Ó da omi gbígbóná sí mi lẹ́yìn. Mo lọ fi sun ní ibi tó yẹ kí n fi sun, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n lọ mú ìyàwó mi dání. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Mo mọ̀ pé obìnrin lọ̀rọ̀ yìí ń pa jù. Mi ò wá gba àyè lọ́wọ́ wọn. Mo kàn fẹ́ kó wà ní kíkọ níbì kan.

Ìmọ́lẹ̀_Díẹ̀

Ó ti wà ní kíkọ, àbúrò mi. Mo gbà ọ́ gbọ́. Dókítà gbọ́dọ̀ rí ẹ̀yìn rẹ yẹn, kó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀, bó tilẹ̀ ti jinná. Ìwé yẹn lè wúlò lọ́jọ́ iwájú.

Ewé_Tútù

Ẹ má bínú sí ìbéèrè mi. Ṣé kì í ṣe inú fùfù tàbí ọtí ló ń fà á? Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin máa ń ní, "mi ò mọ ìgbà tí mo ṣe é."

Mo_Ṣe_É

Èmi lè dáhùn, torí mo ṣe é. Mi ò ní sọ ohun tí mo ṣe, nítorí ẹni tí mo ṣe é sí.

Mo máa ń sọ pé inú ló bí mi. Nígbà tí wọ́n fi mí sí ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ti ń kọ́ irú wa, ẹni tó ń darí wa bi mí pé, "Ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ kì í bí ẹ nínú?" Mo ní, ó ń bí mi gan-an. Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀melòó lo ti lù ú?" Mi ò rí èsì fọ̀. Ó tún ní, "Ibo lára ìyàwó rẹ lo máa ń lù?" Ibi tí aṣọ bò ni. Ẹni tí kò mọ ìgbà tó ṣe é kì í yan ibi tí aṣọ bò. Ọtí máa ń jẹ́ kó burú sí i, àmọ́ mo ṣe é náà nígbà tí mi ò mu ún.

Irú ẹ̀kọ́ yẹn ti pẹ́; ìlú Duluth ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ èyí tí àwọn mìíràn ń wò ṣe àwòkọ́ṣe, ní nǹkan bí ọdún 1981. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi dá yín lójú pé ọkùnrin tó bá lọ síbẹ̀ ti yí padà. Àwa méjìlá la bẹ̀rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ tèmi. Àwọn kan kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ dáadáa, wọ́n lọ fi ọ̀rọ̀ dáadáa yẹn jẹ gàba nílé. Ìyàwó mi kò padà sọ́dọ̀ mi, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́

Ẹyẹlé_Ilé, mo dúró kí ọ̀rọ̀ rọlẹ̀ díẹ̀. Mo ní ìbéèrè tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi bi àbúrò yín, lójúkojú, nígbà tí ọkọ kò bá sí nítòsí, tí fóònù rẹ̀ kò sì sí nínú yàrá náà. Ẹ má fi WhatsApp bi í.

Ṣé ọkọ rẹ̀ ti halẹ̀ rí pé òun máa pa á, tàbí pé òun máa pa ara òun? Ṣé ìbọn wà nílé? Ṣé ó máa ń fipá bá a lò pọ̀? Ṣé ohun tó ń ṣe ti le ju ti ọdún tó kọjá lọ? Ṣé ó ti di ọrùn rẹ̀ mú rí, lọ́nàkọnà?

Nọ́ọ̀sì bíi tèmi, Jacquelyn Campbell ní Amẹ́ríkà, ló kó irú àwọn ìbéèrè wọ̀nyí jọ ní 1986, kí a lè mọ ilé tí ikú ti ń bọ̀. A ò kàn fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ń fìyà jẹ ẹ́. Bó ṣe súnmọ́ ikú tó ni a ń wá. Kí ẹ má sì ṣe fi "kò lù ú rí" dípò ìbéèrè tó kẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ obìnrin kì í ka ọrùn dídìmú mọ́ lílù.

Ohun kan tún wà: ẹ yọ gbogbo ohun tó lè tọ́ka sí i kúrò nínú ọ̀rọ̀ yín níbí.

Ẹyẹlé_Ilé

Mo ti yí iye ọdún àti àwọn nǹkan míì padà kí n tó gbé e wá. Ẹ ṣeun. Màá bi í lọ́jọ́ Sátidé.

Ẹyẹlé_Ilé

Mo ti bi í.

Ó dákẹ́ tó fi jẹ́ pé mò ń gbọ́ ìró aago lára ògiri. Ó wá ní, "Kò lù mí o. Ó kàn tì mí mọ́ ògiri, ó di ọrùn mi mú. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni." Mo ní nígbà wo? Ó ní ti ẹlẹ́ẹ̀kejì kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ní òun kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ìgbà tí òun lajú, òun ti wà nílẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti há láti ìgbà yẹn, mo sì ti rò pé òtútù ni. Mo gbọ́ ohùn yẹn, mo fún un ní oògùn òtútù. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti sọ fún yín lókè pé kò fọwọ́ kàn án rí.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́

Ẹ ò mọ̀ ni. Ẹ gbọ́ mi báyìí.

Ó gbọ́dọ̀ rí dókítà lónìí, kí ó sì sọ ọ́ ní tààràtà: "Wọ́n fún mi lọ́rùn, mo dákú." Kó má sọ pé ọ̀fun ló ń dun òun. Tí wọ́n bá tẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ ọrùn pa, èèyàn lè dákú láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Iṣan yẹn lè ya nínú láìsí àpá kankan lóde, kí ẹ̀jẹ̀ dì síbẹ̀, kí àrùn rọpárọsẹ̀ sì dé lẹ́yìn ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ohùn tó há, ìrora nígbà gbígbé nǹkan mì, ẹ̀fọ́rí tí kì í lọ, àwọn àmì pupa tíntìntín nínú ẹyinjú, ẹsẹ̀ tàbí apá kan tó ń kú: ẹ má dúró de ilẹ̀ mímọ́ lórí èyíkéyìí nínú wọn.

Èkejì nìyí, mo sì fẹ́ kí Bàbá náà kà á. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 2008 fi hàn pé obìnrin tí ẹnì kejì rẹ̀ ti fún lọ́rùn rí wà nínú ewu pé kí ó pa á, ní ìlọ́po tó lé ní méje, ju obìnrin tí wọ́n fìyà jẹ láìfún un lọ́rùn lọ. Ẹni tó ṣe é ti fi hàn án pé ọwọ́ òun ni ẹ̀mí rẹ̀ wà. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé tí wọ́n bá pa obìnrin 100 láyé yìí, ó tó 38 tó jẹ́ pé ẹnì kejì wọn ló pa wọ́n.

Àgbà_Ilé

Mo kà á. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ mi, mo kó ọ̀rọ̀ sùúrù tí mo sọ jẹ. Ẹ lọ gbé e kúrò níbẹ̀ lálẹ́ òní. Kí ọkùnrin mẹ́ta tẹ̀ lé yín, kí ẹ sọ ọ́ sí ọkọ yẹn lójú.

Ìmọ́lẹ̀_Díẹ̀

Bàbá, mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú yín sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgbà tó bá fẹ́ lọ, àti lẹ́yìn tó bá ti lọ, ni ewu máa ń pọ̀ jù. Ẹni tó ń jẹ gàba á rí i pé gàba ń bọ́ lọ́wọ́ òun. Tí ẹ bá lọ bá a jà, tí obìnrin yẹn sì padà sùn sílé náà, ara òun nìkan ni ọkọ rẹ̀ ti máa gbẹ̀san ìjà yín.

Ìdí kan náà ni mo fi kọ̀ kí wọ́n pe àwọn méjèèjì jókòó. Wọ́n ṣe é fún mi. Mo sọ òtítọ́ ìdajì lójú rẹ̀, gbogbo ilé pàtẹ́wọ́ pé a ti parí ìjà. Mo jìyà òtítọ́ ìdajì yẹn nínú ọkọ̀ kí a tó délé.

Ẹ̀gbọ́n, àbúrò yín fúnra rẹ̀ ló máa mú ọjọ́ tó máa lọ. Òun ló mọ ojú ọjọ́ ilé náà ju gbogbo wa lọ. Iṣẹ́ yín ni pé kí ọ̀nà ti wà ní ṣíṣí ṣáájú. Ẹ má sọ fún un pé "tó ò bá lọ, má pè mí mọ́". Ẹ má bú ọkọ rẹ̀ níwájú rẹ̀ títí tí á fi máa gbèjà rẹ̀. Ẹ sọ fún un pé ẹ gbà á gbọ́, pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, pé ilẹ̀kùn yín kò ní ìgbà. Tó bá lọ tó tún padà, ẹ tún un sọ, pẹ̀lú ohùn kan náà. Kí ẹ sì máa kí ọkọ náà bí ẹ ṣe ń kí i tẹ́lẹ̀. Tí ó bá fura sí yín, ó máa gé yín kúrò, kò sì ní ku ẹnì kankan mọ́.

Òjò_Àárọ̀

Kí n fi ti fóònù kún un. Ọkùnrin tó ń béèrè fọ́tò lè ti fi ohun tó ń tọpa síbẹ̀. Kó má yọ ọ́ lójijì, ọkọ á mọ̀. Fóònù ẹlòmíràn ni kó fi wá ìrànlọ́wọ́, kó fi pe ilé ààbò tàbí nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ tó bá wà ládùúgbò yín. Ìwé ìbí àwọn ọmọ, ìwé ẹ̀rí, ìwé ìrìnnà, oògùn tó ń lò: ẹ ya fọ́tò wọn sọ́dọ̀ yín. Kọ́kọ́rọ́ àfikún, owó díẹ̀díẹ̀. Tí ìjà bá bẹ̀rẹ̀, kó sún mọ́ ibi tó ní ọ̀nà àbájáde. Kó má wọ ilé ìdáná tàbí ilé ìwẹ̀. Kí ẹ sì ní gbólóhùn kan láàárín ara yín tí ẹni tó bá kà á kò ní fura.

Ọmọ_Odò

Mo ti kọ gbogbo èyí sílẹ̀ fún ara mi náà. Mo lọ rí dókítà lánàá. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín.

Ẹyẹlé_Ilé (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta)

Ẹ kú àdúrótì. Ọ̀pọ̀ yín ti ń béèrè.

A lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn gan-an. Àyẹ̀wò ojú ni a sọ fún ọkọ pé a lọ ṣe. Wọ́n ya àwòrán ọrùn rẹ̀, iṣan kò ya, àmọ́ ọ̀fun rẹ̀ wú nínú, wọ́n sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí dókítà bi í pé ta ló ṣe é, ó wò mí, ó sì dáhùn fúnra rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ kó sọ ọ́ láìfi "kàn" sí i.

Kò tíì kúrò níbẹ̀. Mo mọ̀ pé inú àwọn kan nínú yín kò ní dùn sí èyí, inú tèmi náà kò dùn. Ó ti bá àwọn ilé ààbò sọ̀rọ̀ lórí fóònù mi lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní òun ń dúró de ọjọ́ kan tí ọkọ máa rìnrìn àjò, mi ò ní sọ ìgbà náà níbí. Àwọn ìwé wà lọ́dọ̀ mi. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́dọ̀ mi.

Gbólóhùn tí a yàn ni "ṣé agbòjò mi wà lọ́dọ̀ yín?" Tó bá ti wọlé, mo mọ ẹni tí màá pè, mo mọ ọ̀nà tí màá gbà. Lánàá, ó fi nǹkan míì ránṣẹ́ ní agogo mọ́kànlá alẹ́: "Ẹ̀gbọ́n mi, agbòjò ṣì wà lọ́dọ̀ mi o, ẹ sùn re." Mi ò sùn. Mo gbé fóònù sórí ìrọ̀rí, mo sì mú ohùn rẹ̀ lọ sókè pátápátá.